Ọta wo ló yẹ ìbọn .338 fún elk? Ẹ̀yin ọdẹ ilé àti tòkèèrè, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọdẹ Aurora

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọdẹ. Ọ̀rọ̀ ọta ti fẹ́ dà mí lórí rú, ni mo ṣe gbé e wá síwájú yín.

.243 ni mo ti ń fi pa àgbọ̀nrín ní Colorado níbí. Lọ́dún yìí, ìwé àṣẹ akọ elk, ẹran ńlá tó jọ àgbọ̀nrín, bọ́ sí mi lọ́wọ́ fún oṣù October, mo sì ra .338 Winchester Magnum àlòkù kan, Model 70, agba rẹ̀ gùn tó ínǹṣì 24. Ibi tí a ń lọ, igi pọ̀ lápá kan, pápá gbalasa wà lápá kejì. Ẹran lè yọ sí mi ní 50 yáàdì, ó sì lè dúró sí òdìkejì àfonífojì ní 300. N kò ní yìn kọjá 300, ìyẹn ti dájú lọ́kàn mi.

Oríṣiríṣi ọta .338 ló wà ní ṣọ́ọ̀bù tí mo dé: gíréènì (òṣùwọ̀n ìwúwo ọta) 185, 200, 210, 225, 250. Òmíràn jẹ́ bàbà látòkè délẹ̀, òmíràn ní òjé nínú, òmíràn ní imú oníke. Owó wọn yàtọ̀ síra gan-an. Òfin ìpínlẹ̀ wa fún elk ni pé kí ọta jẹ́ èyí tó ń fẹ̀, kó má dín ní gíréènì 85, kí ìbú ẹnu ìbọn má kéré sí ínǹṣì .24, kí agbára rẹ̀ sì tó 1,000 ft-lb (òṣùwọ̀n agbára ọta) ní 100 yáàdì. Gbogbo èyí tó wà lórí káńtà ló ju ìyẹn lọ, nítorí náà òfin kò bá mi yàn án. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn dárúkọ ọta fún mi, ẹ sọ ìdí rẹ̀.

Alágbẹ̀dẹ Houston

Àbúrò, o kú oríire ìwé àṣẹ. Ọ̀pọ̀ ló ń dúró fún un lọ́dọọdún tí kò bọ́ sí wọn lọ́wọ́.

Ìwọ̀n gíréènì kọ́ ni ká kọ́kọ́ bèèrè. Ohun tí a ó kọ́kọ́ bèèrè ni pé, nígbà tí ọta yìí bá kan ara ẹran, eré mélòó ló ṣì ń sá, kí ni yóò sì bá pàdé níbẹ̀? Ṣé awọ àti egungun ìhà ni, àbí egungun èjìká akọ elk tó ju 300 kílò lọ? Ẹni tó bá mọ ìdáhùn méjèèjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yan ọta rẹ̀ tán.

Wọ́n ṣe ọta ọdẹ kí imú rẹ̀ lè ṣí bó bá ti wọ ara tó kún fún omi, kí ó fẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po méjì ìbú rẹ̀, kí ó sì máa bá ìrìn rẹ̀ lọ títí yóò fi jáde lódì kejì. Bí eré rẹ̀ bá pọ̀ ju bí wọ́n ṣe ṣe é lọ, yóò fọ́ wẹ́wẹ́ lórí egungun, kò sì ní dé ẹ̀dọ̀fóró. Bí eré rẹ̀ kò bá tó, imú kò ní ṣí, yóò gún ihò tóóró kọjá, ẹran á sì sá jìnnà kó tó kú. Láàárín àṣejù méjì yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ ọta wà.

Wàyí o, ìbọn ẹnu alábọ́dé bíi tìrẹ ní ohun rere kan tí àwọn ènìyàn ń gbàgbé. Gbogbo iye ìyára tí mo bá kọ síbí, ẹsẹ̀ bàtà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni. Ọta gíréènì 225 ń fi ẹnu .338 sílẹ̀ ní nǹkan bí 2,800. Bó bá jẹ́ èyí tí imú rẹ̀ ṣe ṣómúṣómú, yóò ṣì lé ní 2,200 dáadáa ní 300 yáàdì. Gíréènì 250 ń jáde ní nǹkan bí 2,660. Eré yìí pọ̀ tó láti ṣí ọta èyíkéyìí ní gbogbo ọ̀nà tí ìwọ ń lọ. Ní 50 yáàdì nìkan ni ewu wà, níbi tó ti ṣì ń sáré bí ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Nítorí náà, 50 yáàdì ni kí o fi ṣe òṣùwọ̀n nígbà tí o bá ń yan ọta, má fi 300 ṣe é.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù tó sì dín owó jù ni òjé tí wọ́n fi bàbà wọ̀ láṣọ, bíi InterLock ti Hornady àti Core-Lokt ti Remington. Ó ń ṣí kíákíá, ó sì ń pa ẹran dáadáa bó bá gba ìhà wọlé. Ṣùgbọ́n bó bá kan egungun èjìká nítòsí, òjé lè yọ kúrò nínú aṣọ rẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e ni èyí tí wọ́n jó òjé mọ́ bàbà kí méjèèjì má baà yà: AccuBond, A-Frame ti Swift, Oryx ti Norma. Ìyẹn lè gba egungun kọjá kó sì ṣẹ́ ku púpọ̀ nínú ìwọ̀n rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni bàbà gidi tí kò ní òjé rárá, bíi TSX àti TTSX ti Barnes. Imú rẹ̀ ń ṣí bí ewé mẹ́rin, ìwọ̀n rẹ̀ kì í sì í fẹ́rẹ̀ẹ́ dín. Ṣùgbọ́n ó nílò eré ju àwọn yòókù lọ. Èmi kì í fẹ́ kí tèmi dé ara ẹran pẹ̀lú eré tó dín ní 2,000, bí àwọn tó ṣe é tilẹ̀ sọ pé ó lè dín jù bẹ́ẹ̀.

Ohun kan tún wà nípa bàbà. Bàbà fúyẹ́ ju òjé lọ, nítorí náà ọta bàbà máa ń gùn ju ti òjé tí wọ́n jọ wọn ìwọ̀n kan náà. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé bí a bá fẹ́ bàbà, a máa ń sọ̀kalẹ̀ ní ìpele kan. Ẹni tó fẹ́ 225 olójé á mú 210 bàbà, ibi tí ó máa wọ̀ dé nínú ẹran kò sì ní dín.

Tèmi fún ọ: 225 tí wọ́n jó òjé rẹ̀ mọ́ bàbà, tàbí 210 bàbà. Fi 250 sílẹ̀ fún àwọn ará Alaska.

Ọmọ Ògún Anchorage

Bọ̀dá Houston, ẹ ti pè mí, mo sì ti dé.

Lóòótọ́, àwa ará Alaska la ni ìbọn yìí. Nígbà tí Winchester gbé .338 jáde ní 1958, "Alaskan" ni orúkọ tí wọ́n fún Model 70 tí wọ́n kọ́kọ́ fi tà á. Níbí, béárì lè dìde láàárín igi wẹ́wẹ́ tí kò jìnnà ju iyàrá méjì lọ, moose, tí òun àti elk jẹ́ ìbátan, sì lè tóbi ju elk lọ ní ìlọ́po kan ààbọ̀. Gíréènì 250 ni mo ń lò, n kò sì ní pààrọ̀ rẹ̀.

Ọta tí mo fẹ́ràn jù ni Partition, bọ̀dá kò sì dárúkọ rẹ̀ rárá. Ní 1946, John Nosler lọ ṣọdẹ moose ní British Columbia pẹ̀lú .300 H&H. Ara ẹran náà kún fún ẹrẹ̀ tó ti gbẹ mọ́ ọn, ọta rẹ̀ sì ń fọ́ lójú ara, kò wọlé. Ó padà sílé, ó sì ṣe ọta tí ògiri bàbà pín inú rẹ̀ sí méjì. Òjé iwájú á ṣí, á tilẹ̀ fọ́ dànù bó bá yá, ṣùgbọ́n ògiri yẹn á dá ìfọ́ náà dúró, ìdajì ẹ̀yìn á sì máa lọ. Ní 1948 ló bẹ̀rẹ̀ sí í tà á. Àwọn kan ń sọ pé Partition kò dára nítorí pé nǹkan bí ìdá méjì nínú ìdá mẹ́ta ìwọ̀n rẹ̀ ló ń ṣẹ́ kù. Wọn kò lóye rẹ̀ ni. Iwájú tó ń fọ́ yẹn ló ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ẹ̀yìn ló sì ń gbẹ́ ihò ìjáde. Ó ń ṣí nígbà tí eré ti rọ̀, kì í sì í tú nígbà tí eré le. Fún ẹni tí kò mọ̀ bóyá 50 ni òun yóò ti yìn tàbí 300, èmi kò mọ ọta tó rọrùn láti fọkàn tẹ̀ jù ú lọ.

Fún elk, 210 tàbí 225 Partition tó.

Nọ́ọ̀sì Fargo

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká rántí pé a ó jẹ ẹran yìí.

Òjé tó fọ́ nínú ẹran kì í dúró sójú ọgbẹ́ nìkan. Ó máa ń fọ́n ká sínú ẹran tí ojú lásán kò lè rí i, tí ahọ́n kò sì ní mọ̀. Ní North Dakota níbí ní 2008, wọ́n yẹ ẹran àgbọ̀nrín lílọ̀ tí àwọn ọdẹ fi tọrẹ wò pẹ̀lú ẹ́síréè, wọ́n sì rí òjé nínú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìlera ìpínlẹ̀ wa wá sọ pé kí aláboyún àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà má jẹ ẹran tí wọ́n fi ọta òjé pa. Òjé ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́, kò sì sí ìwọ̀n kékeré tí a lè pè ní èyí tó dára fún ọmọdé.

Àwọn ọmọ kéékèèké wà nínú ilé wa. Ẹran elk kan á kún fírísà fún oṣù púpọ̀, ojoojúmọ́ ni ọmọ á sì máa jẹ ẹ́ nínú ọbẹ̀. Ẹ fún wọn ní bàbà. Bí ẹni kan bá ní dandan òjé ni òun fẹ́, kí ó gé ẹran tó yí ọgbẹ́ ká dànù ní fífẹ̀, kí ó má ro ti ìfiṣòfò, kí ó má sì kó o sínú ẹ̀rọ ìlọ̀ran. Ẹ̀rọ ìlọ̀ran ló ń pín in kárí gbogbo ẹran tó kù.

Ní California, láti July 1, 2019 ni òfin ti ní kí gbogbo ọdẹ máa lo ọta tí kò ní òjé. Igún ńlá ibẹ̀, condor, ló ń jẹ ìfun tí ọdẹ fi sílẹ̀ nínú igbó, tí òjé inú rẹ̀ sì ń pa á. Ẹ fi ìyẹn kún èrò yín.

Ọdẹ Kiel

Ẹ káàsán o láti Jámánì. Schleswig-Holstein tí mo wà yìí, òfin kò gbà wá láyè láti lo ọta òjé mọ́, nítorí náà tipátipá ni mo fi kọ́ ìwà bàbà. Ohun tí Nọ́ọ̀sì sọ dára, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kan kún un fún àwọn tí ìbọn wọn kò yára bíi .338.

9.3×62 ni tèmi. Otto Bock ló ṣe é ní Berlin ní 1905, kí ó lè wọ inú ìbọn Mauser lásán, àwọn òyìnbó tó ń lọ tẹ̀dó sí ilẹ̀ Áfíríkà sì rà á púpọ̀. Ọta rẹ̀ àtijọ́ wọn gíréènì 286, ó sì ń jáde ní nǹkan bí 2,360 péré. Eré yìí kò pọ̀. Tó bá fi máa dé 200 mítà, ó ti ń sún mọ́ 2,000. Bí mo bá fi bàbà tó wúwo jù sínú rẹ̀, eré á tún dín, imú kò sì ní ṣí dáadáa lọ́nà jíjìn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń lo bàbà gíréènì 250 dípò 286. Nígbà tí mo ṣì lè lo òjé, 232 Oryx tàbí 286 tí imú rẹ̀ rọ̀ ni mo fẹ́ràn. Ìbọn tí kò yára kò nílò ọta tó le koko, àfi fún ẹran bí ẹfọ̀n. Àwọn tó ń ra ọta ẹfọ̀n láti fi pa àgbọ̀nrín ń ṣe ara wọn.

Àbúrò Aurora, mú èyí tó máa gbẹ́ ihò méjì. Níbí, ajá ni a fi ń tọ ẹran tó fara gbọta, gbogbo ọdẹ tó ní ajá bẹ́ẹ̀ ló sì máa sọ fún ọ pé ihò ìjáde ló ń da ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Awọ elk nípọn, irun rẹ̀ sì ń mu ẹ̀jẹ̀. Bí ihò kan ṣoṣo bá wà lókè ìhà, ẹ̀jẹ̀ á kún inú rẹ̀, ìwọ kò sì ní rí ohun kan nílẹ̀.

Àgbà Ọdẹ Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ kú ìjíròrò o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ògún á máa gbè yín.

Irú ìbọn tí ẹ ń sọ yìí, a kì í sábà rí i lọ́wọ́ ọdẹ ìbílẹ̀ níbí. Ṣakabùlà la fi dàgbà, ìbọn oníkátíríìjì sì tẹ̀ lé e fún ẹni tó bá rí ìwé gbà. Ẹ̀tù, kànìnkànìn àti ọta la máa ń rọ sí ẹnu ṣakabùlà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sì ń dún. Nítorí ẹ̀ẹ̀kan yẹn la ṣe ń rákò títí ìgalà á fi wà níwájú ẹni gbangba. Ohun tí mo ń rí nínú ọ̀rọ̀ yín ni pé ẹ gbé ọta ga ju ẹni tó ń yìn ín lọ. Ọta tó bá wọ ìfun, bàbà ni o, òjé ni o, ìyà ni yóò fi jẹ ẹran. Èyí tó bá wọ ẹ̀yìn apá, níbi tí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró wà, ẹran á wó.

Bí o bá yìn ín tán tó sá wọgbó, má lé e. Jókòó. Wo ibi tó dúró sí kó tó sá, wo irun àti ẹ̀jẹ̀ tó wà nílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó ní ìfófòó, tó sì pupa fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, ti ẹ̀dọ̀fóró ni, ẹran náà kò jìnnà. Ẹ̀jẹ̀ tó dúdú, tí ẹ̀gbin ewéko wà nínú rẹ̀, ti ìfun ni. Ìyẹn gba wákàtí púpọ̀. Ẹran tí a kò lé á dùbúlẹ̀ nítòsí, á sì kú síbẹ̀. Èyí tí a bá lé, ẹlòmíràn ni yóò jẹ ẹ́.

Alágbẹ̀dẹ Houston

Bàbá, a dọ̀bálẹ̀. Òótọ́ pọ́ńbélé ni ẹ sọ, pàápàá ti pé ká má lé e.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gbèjà ọta díẹ̀. Ìgalà fẹ́lẹ́ lápá. Bí akọ elk bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ọdẹ díẹ̀, egungun èjìká rẹ̀ ló wà láàárín ọta àti ọkàn. Ibi tó yẹ gan-an lè jẹ́ ibi tí ọdẹ fojú sùn, kí ọta tó rọ̀ jù ṣì fọ́ sórí egungun kó má dé inú. Ọta tó dára kò lè tún ìyìnbọn tí kò dára ṣe. Ọta tí kò bá iṣẹ́ mu, ní tirẹ̀, lè ba ìyìnbọn tó dára jẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí a kò sọ, ti ìwọ̀n sí ìbú. Bí ọta méjì bá jọ wúwo bákan náà, èyí tó tín-ínrín ló ń wọlé jìn jù. Gíréènì 225 ní .338, òǹkà ìwọ̀n sí ìbú rẹ̀ jẹ́ .281. 250 jẹ́ .313. 286 ti Ọdẹ Kiel jẹ́ .305, kò sì yàtọ̀ sí 300 ti .375 H&H tí wọ́n fi ń pa ẹfọ̀n. Òǹkà yìí wúlò láti fi wé ọta tí a ṣe bákan náà. Kò wúlò láti fi wé òjé lásán pẹ̀lú bàbà, nítorí pé òjé lásán ń sọ ìwọ̀n rẹ̀ nù lójú ọ̀nà nínú ẹran, bàbà kì í sọ tirẹ̀ nù. Ìdí nìyẹn tí 210 bàbà, tí òǹkà rẹ̀ jẹ́ .263 péré, fi lè wọlé jìn ju 250 olójé lásán lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ Norman

Ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀. Físà akẹ́kọ̀ọ́ ni mo fi wà ní Amẹ́ríkà. Ṣé mo lè ra ìbọn ọdẹ?

Ọmọ Ògún Anchorage

Àbúrò, òfin ìjọba àpapọ̀ kò gbà kí ẹni tó wà lórí físà onígbà díẹ̀ ní ìbọn tàbí ọta, àyàfi bó bá ní ìwé àṣẹ ọdẹ tó ṣì wà láàyè láti ìpínlẹ̀ kan, tàbí bó bá wà lára àwọn díẹ̀ mìíràn tí òfin yọ sílẹ̀. Onígríìn káàdì kò sí lábẹ́ ìdènà yìí. Gba ìwé àṣẹ ọdẹ ná, kí o sì bèèrè lọ́wọ́ lọ́yà kí o tó fọwọ́ kan ọta kan ṣoṣo. Físà rẹ níye lórí ju elk lọ.

Ọdẹ Aurora

Mo dúpẹ́ gan-an lọ́wọ́ gbogbo yín, pàápàá Bàbá. Ìyàwó mi ka ọ̀rọ̀ Nọ́ọ̀sì, ìdájọ́ sì ti délẹ̀: bàbà ni. Ó ku ìbéèrè méjì. Báwo ni màá ṣe mọ̀ bóyá ìbọn mi fẹ́ràn 210 bàbà yìí? Èjìká mi ńkọ́? Mo gbọ́ pé ìbọn yìí ń ta.

Alágbẹ̀dẹ Houston

Ó ń ta dáadáa. Ìtapadà rẹ̀ ju ti .243 lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Bí ó bá ń bà ọ́ lẹ́rù, ojú rẹ á máa pa dé kí ìbọn tó dún, ọta á sì lọ síbi tó wù ú. Má yìn ju páálí kan lọ ní ọjọ́ kan, dí etí rẹ ní ìdì méjì, kí o sì fi .243 rẹ ṣe ìyókù ìdánrawò náà. Dìde kúrò lórí tábìlì tún ni. Yìn ín ní ìkúnlẹ̀, yìn ín pẹ̀lú igi tí a ń gbé ìbọn lé, nítorí pé kò sí tábìlì lórí òkè.

Àlòkù ni ìbọn rẹ, a kò sì mọ ohun tí ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ fi yìn. Kí o tó fi bàbà sí i, fọ inú agba pẹ̀lú oògùn tó ń yọ bàbà títí aṣọ ìnùbọn kò fi ní mú àwọ̀ búlúù jáde mọ́. Lẹ́yìn náà, yìn ín mẹ́ta mẹ́ta sí 100 yáàdì, kí o jẹ́ kí agba tutù láàárín wọn. Bí mẹ́ta bá wà láàárín ínǹṣì kan ààbọ̀, ó tó fún elk, má wá jù bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá fọ́n ká, gbìyànjú 185 tàbí 225 bàbà, tàbí iléeṣẹ́ mìíràn. Ìbọn méjì tí wọ́n jọ jáde lọ́jọ́ kan náà lè yan ọta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Bí o bá ti rí èyí tó bá a mu, to awò orí ìbọn rẹ sí 200 yáàdì. Ní 300, yóò fi bí ínǹṣì méje lọ sílẹ̀. Yìn ín ní 300 gan-an láti rí i fúnra rẹ, má gba òǹkà tèmi gbọ́.

Ọmọ Ògún Anchorage

Ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un. Lẹ́yìn tí o bá yìn ín, ti ọta kejì wọnú ìbọn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, má gbé ojú kúrò nínú awò. Elk máa ń gba ọta tó lè pa á kó sì dúró bí ẹni pé kò gbọ́ nǹkan kan. Bó bá ṣì wà lórí ìdúró, tún un yìn.

Ọdẹ Aurora

Mo ti gbọ́, ẹ ṣeun. Mo ti ra páálí kan ti 210, mo sì ń lọ sí pápá ìyìnbọn ní Sátidé.

Alágbẹ̀dẹ Houston

Bó bá yìn dáadáa, padà lọ sí ṣọ́ọ̀bù yẹn lọ́jọ́ náà gan-an, kí o ra páálí mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí i tí nọ́ńbà ìdì tí wọ́n tẹ̀ sí etí páálí bá jọ ti àkọ́kọ́. Bí nọ́ńbà bá yàtọ̀, ẹ̀tù inú rẹ̀ lè yàtọ̀ díẹ̀, ìwọ á sì tún gbọ́dọ̀ to awò rẹ láti ìbẹ̀rẹ̀.